Ta ló ń jẹ dátà wa lóru?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Yàrá méjìlá ni ilé tí mo fi gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Mo ra 200 GB fún oṣù kan, ọjọ́ kẹsàn-án ló tán. Ọmọkùnrin tó bá wa so MikroTik, ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, ní òun lè mú kí ráútà máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó ń kọjá, ká lè mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ṣé kò ní máa ka WhatsApp àwọn ọmọ ọlọ́mọ báyìí? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ní falẹ̀ sí i? — Ìyá onílé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ yẹn ò parọ́, ibi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fara mọ́.

Ègé-ègé ni dátà ń rìn. Ráútà á jẹ́ kí ojúlówó máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, á wá ti ẹ̀dà rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù tí Wireshark, ètò tí wọ́n fi ń wo irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, wà. Lórí MikroTik, ẹ̀ ń wo abẹ́ Tools, Packet Sniffer. Wọ́n á kọ àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, síbẹ̀, ẹ̀dà á máa gba pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) 37008 wọlé.

Kò lè ka WhatsApp. Láti orí fóònù ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ti tì í pa, orí fóònù ẹni tó gbà á ló ti ń ṣí. Bí oníbodè ayé àtijọ́ ló máa rí: á mọ ẹni tó ru ẹrù, ibi tó dorí kọ àti bó ṣe wúwo tó, kò ní rí inú àpò. Àmọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ sáìtì tí wọ́n ń lọ máa hàn sí i, ìyẹn náà sì ti tó àṣírí. Ẹ sọ fún àwọn ayálégbé kó tó ṣe é. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fẹ́ kí ẹni tí à ń gba dátà rẹ̀ mọ̀ sí i.

Ní ti kó falẹ̀, mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ní kafé kan, mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ WiFi tí àwọn oníbàárà ń lò, mo ní kí ráútà máa kó ẹ̀dà bọ̀. Ẹ̀dà kì í jẹ dátà tí ẹ rà o, àyè inú WiFi ló ń gbà. Fídíò tí oníbàárà kan ń wò, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kọjá: tiẹ̀ kan, tèmi kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbá tábìlì. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo ti mú olè, torí àdírẹ́sì kan ń fà ju gbogbo ilé lọ. Àṣé tèmi ni!

Wáyà ni kó fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà. Kó sì kọ́kọ́ ṣí Torch, tó ń fi àdírẹ́sì tó ń fa dátà hàn lójú ẹsẹ̀, abẹ́ Tools kan náà ló wà, ní agogo kan òru. Àdírẹ́sì tó bá ń fà nígbà táwọn yòókù sùn, ti ẹyọ kan yẹn ni kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo fi wáyà tún tèmi ṣe, kọ̀ǹpútà ọ̀gá kafé gan-an ni olè náà: fọ́tò ìgbéyàwó ló ń kó lọ sórí Google Drive láti alẹ́ àná. Màmá, ẹ ní kó wo fóònù tiyín náà.