Exam officer ni mí lọ́dọọdún, ìgbéga ò dé: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lẹ́kúrà ni mí ní yunifásítì kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní Lecturer II, ọ̀kan nínú àwọn ipò ìsàlẹ̀ fún olùkọ́ yunifásítì. Àwọn ọkùnrin méjì tí a jọ wọṣẹ́ ti kọjá mi. Mo bí ọmọ méjì láàárín, èmi ni exam officer, ẹni tó ń bójú tó ètò ìdánwò, ní ẹ̀ka wa, èmi náà ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àríyá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ka gbogbo iṣẹ́ tí ò ń ṣe fún mi, o ò dárúkọ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá jókòó, ohun tí o tẹ̀ jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Iṣẹ́ exam officer ní máàkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré, kò lè rọ́pò àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn jáde sí.

Mi ò sọ pé o ya ọ̀lẹ o. 1948 ni wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, 1973 ni Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Ọdún 25! Èmi náà, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, bí àlejò bá ń bọ̀ láti Àbújá, èmi ni wọ́n ń ní kó wá ṣètò oúnjẹ, nítorí pé "ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe." Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ gba ìwé ìlànà ìgbéga yunifásítì rẹ ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà. Má gbára lé ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá sọ, ti ilé ìwé kan ò bá ti èkejì mu. Wo iye àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń béèrè, àti mélòó nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Bí o kò bá tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn ló kàn. Bí ilé ìwé yín bá jẹ́ ti ìjọba, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, lè gbé ẹrù owó rẹ̀; ti aládàáni, bíi Babcock ní Ìlíṣàn, kò sí níbẹ̀.

Ní ti ọmọ, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fàyè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16, àti wákàtí méjì lójúmọ́ fún ìyá ọlọ́mọ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Wo ohun tí ti yín sọ. Ẹ̀tọ́ ni, má tọrọ rẹ̀ bí oore.

Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú la wà, mo sì mọ bí aṣọ regbẹ́rẹ́gbẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí wa, ṣe ń gba èèyàn lọ́kàn kí Ojúde Ọba tó dé. Lọ jó. Àmọ́ yọ òwúrọ̀ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìwé kíkọ, kí o sì pa fóònù.

Lẹ́yìn náà, kọ létà sí olórí ẹ̀ka rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: o ti ṣe exam officer tó, kó kan ẹlòmíràn. Má fẹnu lásán sọ ọ́; létà ló ń wọ fáìlì. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò fèsì, mú ẹ̀dà rẹ̀ tọ dean, olórí fákọ́tì yín, lọ.