Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Àpótí Ìkókó ní Seoul, Guangzhou àti Kumamoto

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ìjọba Gúúsù Kòríà ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n bímọ, síbẹ̀ àpótí kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Seoul tí wọ́n ń gbé ìkókó sí. Báwo ni ìlú tó ń wá ọmọ ṣe tún ń gbé ọmọ sọ nù? (Agbẹ̀bí kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ní 2023, tí a bá ṣírò ọmọ tí obìnrin kan ń bí láyé rẹ̀ níbẹ̀, kò pé ẹyọ kan: 0.72 ni. Àpótí náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Jusarang ní àdúgbò Gwanak. Pásítọ̀ Lee Jong-rak ló ṣe é ní oṣù Kejìlá 2009. Bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, aago á dún nínú ilé. Ẹnì kan á gbé ọmọ, ẹlòmíì á sáré jáde kí ìyá ọmọ tó rìn jìnnà, bóyá á gbà kí àwọn jọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé wà nídìí rẹ̀ ju àìnífẹ̀ẹ́ ọmọ lọ. Kó tó di oṣù Kẹjọ 2012, àwọn tó ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò lóbìí. Òfin tuntun wá ní kí ìyá kọ́kọ́ kọ ọmọ sínú ìwé ẹbí tirẹ̀, kí ó dúró fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìbímọ kó tó yọ̀ǹda rẹ̀, kí ilé ẹjọ́ sì fàṣẹ sí i. Èrò rere ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kó lọ sókè òkun látijọ́ ti dàgbà, wọ́n ń wá orírun wọn, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá nílẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ, tó fi oyún pa mọ́ fún bàbá rẹ̀, ń bẹ̀rù pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá yẹ ìwé yẹn wò ni àṣírí tú. Ọmọ 79 ló wọ àpótí ní 2012. Ní 2013, wọ́n di 252. Ohun tó dùn wá jù ni pé ọmọ inú àpótí gan-an ló ń pàdánù: ìyá ò fọwọ́ síwèé kankan, kò wá rọrùn fún ẹlòmíì láti gbà á tọ́, nítorí náà ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ.

Ní 2023, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò rí i pé ọmọ 2,236 tí wọ́n bí láàárín 2015 sí 2022 ní nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tí ọsibítù fún wọn nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò forúkọ wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá wọn kiri, wọ́n bá òkú ìkókó méjì nínú fíríìsà ní Suwon. Ariwo sọ káàkiri ìlú.

Òfin méjì ló tẹ̀ lé e, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024. Nínú ti àkọ́kọ́, ọsibítù fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìròyìn ìbí ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Bí oṣù kan bá kọjá tí òbí ò forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ á fún wọn ní ọjọ́ 7. Bí wọn ò bá tún ṣe é, á gba àṣẹ ilé ẹjọ́, á forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Èkejì wà fún ìyá tí ẹ̀rù ń bà. Á pe 1308, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìrànwọ́ tó wà fún un bó bá fẹ́ tọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá ṣì ní òun ò lè ṣe é, wọ́n á fún un ní orúkọ mìíràn àti nọ́ńbà tí yóò fi gba ìtọ́jú oyún, tí yóò sì fi bímọ lọ́sibítù. Lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n ní kó ro ó fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ó sì lè gba ọmọ rẹ̀ padà títí ilé ẹjọ́ yóò fi fọwọ́ sí ìgbàtọ́. Bí ọmọ bá dàgbà, ó lè béèrè ẹni tó bí i. Bí ìyá ò bá gbà, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀.

Lójú tiwa, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn ló ṣe kókó jù. Bí ìyá bá gbọ́ nípa orúkọ ìkọ̀kọ̀ kó tó gbọ́ nípa ilé tó máa gbé àti owó wàrà ọmọ, ìkọ̀kọ̀ ni yóò yàn.

Ìbéèrè: Mo máa ń ra ọjà ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní ìlú náà ṣí ilé tí wọ́n ń gbé ọmọ sí, kò pẹ́ tí wọ́n fi tì í. Ṣé nítorí òfin ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọbìnrin jù nù? (Oníṣòwò kan, Ìdúmọ̀tà)

Ìdáhùn: Ẹ má da àsìkò méjì pọ̀. Láàárín 1980 sí 2000, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọbìnrin ló pọ̀ jù. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ obìnrin lè bí ẹnì kejì. Bí èyí náà bá tún jẹ́ obìnrin, àyè ọmọkùnrin ti tán nìyẹn, owó ìtanràn ló kù. Òfin ìgbàtọ́ tún dá kún un: láti 1992, ẹni tó bá máa gba ọmọ tọ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35, kó má sì bímọ rí, nítorí ìjọba ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á máa pe ọmọ bíbí inú wọn ní ọmọ àgbàtọ́. Tọkọtaya tó ti bí ọkùnrin, tí wọ́n ń fẹ́ obìnrin kún un, kò rí ìwé gbà. Ní 1999 ni wọ́n tó dín ọjọ́ orí kù sí 30, wọ́n sì yọ àwọn ọmọ inú ilé ìtọ́jú ìjọba kúrò nínú òfin àìbímọ-rí.

Ti Guangzhou yàtọ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2014 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni wọ́n dá a dúró. Ọmọ 262 ti dé: ọkùnrin 148, obìnrin 114. Gbogbo wọn pátá ló ní àìsàn tàbí àbùkù ara. 110 ni ọpọlọ wọn ti fara gbọgbẹ́ débi pé ìrìn àti ìjókòó ń ṣòro, àwọn mìíì ní Down syndrome (àbùkù àbímọ́ni tó ń fa ìfàsẹ́yìn fún ọpọlọ) tàbí àìsàn ọkàn àbímọ́ni. Ilé ìtọ́jú kún àkúnya. Owó ọsibítù ló ń lé àwọn òbí wọ̀nyí wá síbẹ̀, kì í ṣe iye ọmọ tí òfin gbà. Nígbà tí ìjọba gba ọmọ méjì láyè ní 2016, tí wọ́n sì sọ ọ́ di mẹ́ta ní 2021, kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó iṣẹ́ abẹ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lu.

Ìbéèrè: Kí ló wà nínú àpótí ti Jàpáànù? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ọsibítù Jikei ní Kumamoto ló ṣí i lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2007. Ilẹ̀kùn kékeré ni, bẹ́ẹ̀dì tó ń móoru wà nínú, lẹ́tà sí òbí náà wà níbẹ̀ pé kí ó pe àwọn. Bí ọmọ bá ti wọlé, aago á dún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Dókítà á yẹ ọmọ wò, wọ́n á sì fi tó ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ létí. Ohun tí ìlú Kumamoto ń kọminú sí jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà ti dá nìkan bímọ sílé, láìsí agbẹ̀bí, kí wọ́n tó rin ìrìn àjò jíjìn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí ọsibítù náà fi ń dáhùn fóònù lọ́sàn-án lóru fún ẹni tó bá lóyún tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.