Wọ́n ní kí n lọ máa gbé Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Toronto ni èmi àti ọmọ mi obìnrin wà. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ l'Ékìtì fẹ́ dá abẹ́ fún un tipátipá, la ṣe sá. A bẹ Kánádà pé kó fún wa ní ààbò, wọ́n kọ ẹjọ́ wa. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí RAD (ẹ̀ka ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ààbò, tó ń tún ẹjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ yẹ̀ wò), àwọn náà kọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n lọ máa gbé Ìbàdàn tàbí Port Harcourt. Ìbàdàn tí àbúrò ọkọ mi ti wá kanlẹ̀kùn ìyá mi, tó ń bèèrè ọmọ! Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ rojọ́ fún adájọ́ ní kóòtù. Ṣé ó ṣeé ṣe? (Ìyá Tóbi)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ ni ká kọ́kọ́ sọ. Láti ìgbà tí ìdájọ́ RAD ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọjọ́ 15 lẹ ní láti gbé ìwé lọ sí Federal Court, kóòtù ìjọba àpapọ̀ Kánádà, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí adájọ́ yẹ ìdájọ́ náà wò. Dọ́là 50 ni owó rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lọ lásìkò, òfin kì í sábà jẹ́ kí wọ́n lé èèyàn kúrò ní Kánádà títí kóòtù yóò fi sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, tẹ́ ẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́, ààbò yẹn kò sí mọ́. Ẹ wá lọ́yà lónìí. Bí owó kò bá sí, ẹ pe Legal Aid Ontario, àjọ tó ń bá àwọn tí kò lówó wá lọ́yà.

Ẹ kò ní rojọ́ fún adájọ́ o. Ìwé tó ti wà níwájú RAD ni yóò kà, láti mọ̀ bóyá àlàyé wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orí ìwé náà ló ti máa kọ́kọ́ pinnu bóyá kó tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ yín. Bó bá kọ̀, kì í sábà sọ ìdí, ẹ kò sì lè pe ẹjọ́ lórí kíkọ̀ yẹn. Mo ti ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó máa ń dùn mí dé egungun.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn kì í ṣe tuntun. Ní 2018, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ààbò ní Kánádà fi ìdájọ́ kan ṣe atọ́nà: ẹni tó ń sá fún ẹbí tàbí ẹlòmíì tí kì í ṣe ìjọba lè rí ìlú ńlá kan gbé ní gúúsù tàbí àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹjọ́ kálukú ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí RAD ti mẹ́nu ba àbúrò ọkọ yín. Ṣé ìwé ìbúra ìyá yín wà níwájú wọn? Kí ni wọ́n sọ sí i? Bí wọ́n bá fò ó dá, ẹ fi han lọ́yà. Nínú ẹjọ́ Vavilov ní 2019, Supreme Court ilẹ̀ náà ní olùdájọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kókó ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé síwájú rẹ̀. Ní 2020, nínú ẹjọ́ Ali, Federal Court ní bí ẹbí bá ní láti máa fi ibi téèyàn wà pamọ́, bí ẹni ń sá pamọ́ ni, ìyẹn kì í ṣe ibi ààbò gidi. Ṣé kí ìyá yín máa purọ́ fáwọn àna títí ayé?

Bẹ́ ẹ bá borí, kóòtù kò ní fún yín ní ìwé ààbò. Yóò dá ẹjọ́ padà sí RAD kí ẹlòmíì tún un gbọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí tuntun ti lè wọlé. Ẹ sọ fún ìyá yín kó máa kọ ọjọ́ tí àbúrò ọkọ yín bá wá sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó bá sọ.