Ọṣẹ tá a kọ́ tẹ́nikẹ́ni ò ṣe: ṣé oyin ló kàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a pe olùkọ́ kan láti Ìbàdàn kó wá fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ 30 obìnrin ní ọṣẹ olómi. A ya fọ́tò, a pín sàtífíkéètì. Lónìí, ẹnì kan péré ló ṣì ń ṣe é. Àwọn ọmọ wa lókè òkun ti tún dá 600,000 náírà jọ, wọ́n ní ká kọ́ àwọn èèyàn ní oyin sísìn. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ rí bíi ti ọṣẹ. Báwo la ṣe máa ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ìlú. Ká tó dórí oyin, ìyá kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣe ọṣẹ yẹn ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ti ní ìsọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ń bá a gbé kẹ́míkà bọ̀ láti Ìbàdàn. Ẹ lọ jókòó tì í fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Àwọn 29 tó kù mọ ọṣẹ ṣe. Ibi tí wọ́n á ti ra èròjà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé owó mọ́tò ju owó ọjà lọ ni wọn ò rí. Èmi náà ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ èèyàn níṣẹ́ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo mọ bí fọ́tò rẹ̀ ṣe máa ń dára tó.

Oyin sàn ju ọṣẹ lọ níbì kan: ẹ ò ní ra oúnjẹ fún un. Òdòdó kájú àti ti igi òrí tó wà lóko yín ló máa jẹ. Káfíńtà ìlú yín sì lè kan ilé rẹ̀. Èyí tí mo máa ń ní káwọn èèyàn lò ni irú tí wọ́n ṣe jáde ní Kenya láàárín ọdún 1970 sí 1980: àpótí gígùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ há ju òkè lọ, tí wọ́n wá to ọ̀pá pákó sí lórí. Káfíńtà lè fojú díwọ̀n àpótí, ṣùgbọ́n kó má fojú díwọ̀n ọ̀pá. Mìlímítà 32 ni kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Oyin ilẹ̀ wa mọ àlàfo tó ń fi sáàárín afárá. Bí ọ̀pá bá fẹ̀ jù tàbí tó tín jù, wọ́n á kọ́ afárá kan gba orí ọ̀pá méjì, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa ọ̀kan yọ, gbogbo rẹ̀ ló máa ya dànù. Ẹ fi ìda oyin pa ìsàlẹ̀ ọ̀pá àti ẹnu ọ̀nà, òórùn rẹ̀ ló ń pè wọ́n. Kí ẹsẹ̀ àpótí wà nínú agolo tẹ́ ẹ da ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sí, torí ìjàlọ.

Ẹ gbé e síta bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òmíràn, oyin á wọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn á wà lófìfo títí ọdún á fi yí. Kó jìnnà sílé àti ilé ìwé tó mítà 200, ó kéré tán, kẹ́nikẹ́ni má sì so ewúrẹ́ mọ́ ìtòsí rẹ̀. Inú oyin tiwa tètè máa ń bí, ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ò sì lè sá.

Ẹ má pe 30 èèyàn. Mẹ́jọ tó, ilé oyin mẹ́fà tó, lójú kan náà, kí wọ́n máa fi ọ̀wẹ̀ ṣe é. Ẹ wá àwọn tó ń fi iná sun oyin nínú ihò igi lóru mọ́ wọn. Wọ́n ti mọ ìwà oyin jù mí lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé e nìkan ló burú. Ẹni tí oyin ta rí tí gbogbo ara rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó má sún mọ́ ọn rárá. Ní ti olùkọ́, ẹ má sanwó ọjọ́ mẹ́ta fún un. Owó mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan ni kẹ́ ẹ bá a dúnàádúrà lé lórí, torí ọjọ́ tí ìjàlọ bá wọlé, tàbí tí oyin bá kó lọ, ni ẹ̀kọ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nìkan ló lẹ́nu láti sọ ọ́. Àwọn tó ń fín oògùn sí kájú nígbà tó bá tanná máa pa oyin yín tán. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fín in ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti wọlé. Àǹfààní tiwọn náà ni, oyin ń jẹ́ kí kájú so.

Bó bá di ìgbà gígé, afárá tí wọ́n ti fi ìda dé tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kẹ́ ẹ gé. Omi pọ̀ nínú èyí tí wọn ò tíì dé, ó máa kan nínú ìgò. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ìda tó bá kù, ẹ má dà á nù: àwọn tó ń ṣe ìpara ń rà á, àwọn tó ń rọ idẹ ní Igun Street ní Benin náà ṣì ń lò ó.

Ẹ má ṣèlérí owó fẹ́nikẹ́ni lọ́dún àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí wọ́n ní àjọ tó ń yáni lówó. Ní 1991, CARE, ìyẹn àjọ àgbáyé kan tó ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ní Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger: wọ́n ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń yá ara wọn pẹ̀lú èlé díẹ̀, wọ́n á wá pín gbogbo rẹ̀ bí ọdún bá parí. Àpótí wọn ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Kó má sí kọ́bọ̀ owó òkè òkun nínú rẹ̀ o. Owó tí kò sẹ́ni tó làágùn fún, kò sẹ́ni tó máa ń rántí san án padà.

Bí ilé oyin, aṣọ tó ní àwọ̀n ojú, agolo èéfín tí wọ́n fi ń mú oyin rọlẹ̀ àti owó mọ́tò olùkọ́ ò bá gba 600,000 náírà tán, ẹ fi ìyókù ra kẹ́míkà ọṣẹ ní ọ̀pọ̀ láti Ìbàdàn, kẹ́ ẹ gbé e fún ìyá tó ṣì ń ṣe ọṣẹ, kó máa wọ̀n ọ́n ní lítà-lítà fún àwọn 29.