Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Mọ Irú Kókó Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Tó Gbé Abẹ Lé E

Arábìnrin mi, mo ka ìbéèrè yín nípa kókó rírọ̀ tó wà ní ẹ̀yìn ọrùn bàbá yín ní Ọ̀ffà, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta láìdùn wọ́n, tí aládùúgbò yín kan tó ń ta oògùn sì ti ní òun yóò bá wọn gé kúrò kí Iléyá tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi.

Kókó tèmi kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Àárín àyà ni ó wà, ó ní ojú dúdú bíńtín lórí, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, ohun funfun kan tó ń rùn bíi wàrà tó ti kan a máa yọ jáde níbẹ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àpò kékeré kan lábẹ́ awọ ni irú kókó bẹ́ẹ̀, pé kì í sábà léwu, àti pé kò pọn dandan kí a gé e bí kò bá wú, tí kò pọ́n, tí kò sì dun ni. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ni ó kọ́kọ́ fún un, tó sì fi abẹ́rẹ́ ṣí i lójú, ni ó bá di eéwo. Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn àdáni kan ní Ìlọrin, dókítà tó rí mi kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò bi mí bóyá àpá máa ń wú ní ara mi. Kò wo apá mi òsì, níbi tí ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún fún mi ní kékeré ti wú sókè tó sì ń dán, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohunkóhun nípa ìyá mi, ẹni tí gbogbo gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín sí i lẹ́yìn ti di kókó kókó. Ó gé e, ó rán an, ó ní kí n padà wá yọ okùn ní ọjọ́ keje.

Ojú ọgbẹ́ náà jiná dáadáa. Nígbà tó di oṣù kẹta ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ìyún tí kì í jẹ́ kí n sùn, tí mo fi ń dìde lóru láti fi aṣọ tútù lé e. Àpá náà le, ó ń dán, ó sì ń na ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí alákàn, títí ó fi kọjá ibi tí abẹ dé. Kílọ́ìdì nìyẹn, ohun tó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní àyà, èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí tí a lu. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà kan náà, ó ní òun yóò tún un gé, mo sì gbà fún un. Kí ọdún tó yí po, ó ti tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, n kò lè wọ búbà tó bá ní léèsì níwájú, n kò sì lè gbé ọmọ mọ́ àyà. Nígbà tí mo lọ fi hàn án, ó ní ara mi ni kò gba ìtọ́jú. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé ohun tó yẹ kí ó mọ̀ kì í ṣe àdììtú rárá: kílọ́ìdì tí a bá kàn gé láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í sábà máa ń padà wá, ó sì lè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dókítà awọ ara ni ó gbà mí. Abẹ́rẹ́ ni ó ń gún sínú àpá náà gan-an, ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra. Àpá náà le bíi rọ́bà tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kì í fẹ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì á di èjìká mi mú, dókítà á fi àtàǹpàkò ti ìdí abẹ́rẹ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n, n ó sì rí i tí ojú ibẹ̀ ń funfun díẹ̀díẹ̀ bí oògùn ti ń wọ̀ ọ́. Mo gba mẹ́sàn-án. Ìyún dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìkejì, àpá náà sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n awọ tó yí i ká ṣì pọ́n ju ara yòókù lọ di bí mo ti ń kọ èyí.

Ọ̀kan tún wà. Dókítà yìí béèrè èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé lára mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì ní nǹkan kan láti fi hàn án. Mo padà lọ béèrè ní ilé ìwòsàn àdáni tí wọ́n ti gé e. Akọ̀wé tó wà nídìí káàdì ní kí n lọ bá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì tó sọ fún mi pé wọ́n ti kó o dànù pẹ̀lú òwú. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá gé lára ènìyàn yẹ kí ó dé yàrá àyẹ̀wò, nítorí ojú lásán lè ṣì í mọ̀.

Ẹ tún bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá. Jẹjẹrẹ awọ tó burú jù a máa fara pamọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná àwa aláwọ̀ dúdú, a ó sì máa rò pé òkúta ni a fi ẹsẹ̀ kọ. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley, olórin Jàmáíkà, ti bẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni ní 1977, ó sì kú ní 1981 ní ẹni ọdún 36. Àmì dúdú tó ń fẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Bákan náà ni egbò tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àti àpá iná àtijọ́ tó ṣàdédé tún di egbò. Bí àfín bá wà nínú ẹbí yín, ẹ má fi irú egbò bẹ́ẹ̀ jáfara rárá, nítorí oòrùn ń ba awọ wọn jẹ́ gidigidi.

Àwọn yòókù kò le. Hóró dúdú wínníwínní tó ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ẹran wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ dirodiro ní ọrùn àti abíyá náà kò léwu, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ẹ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Kókó gbágungbàgun tó ń yọ sí ọwọ́ àwọn ọmọdé, kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi bátìrì sí i, ẹ má sì fi abẹ tí ẹlòmíràn ti lò gé e.

Ní ti bàbá wa, kókó tó rọ̀, tó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, tí kò dun ni, tó sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kókó ọ̀rá ni ó sábà máa ń jẹ́, kò sì sí ohun tó ní kí a gé e bí kò bá dí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìyẹn bí ẹyin adìẹ ṣe gùn tó, tàbí tí ó le, tí kò yẹ̀ mọ́, tí ó ń dùn, tàbí tí ó ń yára dàgbà, ẹ gbé wọn lọ sí Ìlọrin. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Òkè-Ọ̀sẹ̀. Ẹ tètè gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání. Ẹ má fi Iléyá dá ọjọ́ fún dókítà, kí bàbá má baà máa foríkanlẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tútù lọ́rùn. Ẹ fi àwọn àpá àtijọ́ tó wà lára wọn hàn án kó tó mú abẹ. Bí wọ́n bá sì gé e, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n ti fi í sínú ìgò, tí orúkọ bàbá sì wà lára ìgò náà.