Ẹ má fi ìpíndọ́gba nìkan yan àgbàdo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbin oríṣi àgbàdo sí Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé àti Òmùò ní Èkìtì, tí èyí tó gba ipò kìíní ní ìpíndọ́gba sì gbẹ̀yìn ní Òmùò. Ẹ ní ṣé ANOVA, ìṣirò tó ń yẹ ìyàtọ̀ àárín ìpíndọ́gba wò, ti tó.

Kò tó. Ó kàn máa sọ bóyá ìyàtọ̀ àárín wọn ń yí láti ibùdó dé ibùdó ni. Kò ní sọ èyí tó ń yí, kò sì ní sọ ibi tó ti ń yí. Ojú mi ti rí i lórí iṣẹ́ yìí. Igbó ni Ìkẹ́rẹ́, ọ̀dàn lẹ sì ń wọ̀ bí ẹ bá ti ń lọ sápá Òmùò. Lọ́dún tí òjò dá níbẹ̀ nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọmọ, àwọn tó máa ń pẹ́ gbó kò lọ́mọ lórí, àwọn tó tètè gbó sì yè é. Ẹ ro ìkórè ibùdó gbogbo pọ̀, ẹ pín in, kò sẹ́ni tó máa rí ìyẹn mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ Finlay àti Wilkinson gbé kalẹ̀ ní 1963 dára: ẹ fi ìkórè oríṣi kọ̀ọ̀kan wé ìpíndọ́gba ibùdó, kí ẹ wo b, ìyẹn bí ìlà tó so wọ́n pọ̀ ṣe ga sókè sí. Èyí tí b rẹ̀ ju 1 lọ fẹ́ràn ibi tó rọ̀ṣọ̀mù; èyí tí tiẹ̀ kéré sí 1 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ibùdó mẹ́ta kéré jù. Òmùò nìkan lè fa ìlà náà síbi tó bá wù ú.

Láti yan irúgbìn, GGE biplot, àwòrán tó ń fi oríṣi àti ibùdó hàn pọ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ó ń yọ ipa ibùdó fúnra rẹ̀ kúrò, ẹ ó sì rí ẹni tó borí níbì kọ̀ọ̀kan. AMMI, ìṣirò tó ń tú bí oríṣi ṣe ń yí láti ibùdó dé ibùdó palẹ̀, náà dára. Metan, àkójọ irinṣẹ́ inú R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), ń ṣe méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: AMMI máa sọ fún yín pé PC1 àti PC2, ìlà méjì tó ń kó ìyípadà náà jọ, kó 100% rẹ̀. Kó má wú yín lórí. Nínú AMMI, ibùdó mẹ́ta kò lè bí ju PC méjì lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tó sọ fún àgbẹ̀ kankan pé oríṣi kan wà fún igbó, òmíràn wà fún ọ̀dàn. Ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí oríṣi kọ̀ọ̀kan yọ irun sílẹ̀, àti bí òjò ṣe rọ̀ níbẹ̀, torí biplot kì í sọ ìdí.