Ìbéèrè: Ṣé ẹja rọ́bà tí wọ́n fi ń mú bass lóru á ṣiṣẹ́ ní dáàmù Ẹ̀rò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas ló fi ọ̀pá ìwọ̀ àti ẹja rọ́bà oríṣiríṣi ránṣẹ́ sí mi, ó ní tí ooru bá mú, òru làwọn máa ń lọ mú bass lọ́hùn-ún torí ọ̀sán gbóná jù. Ìkún-Èkìtì ni mò ń gbé, nítòsí dáàmù Ẹ̀rò. Látìgbà tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jù ú lóru, ẹja kan ò tiẹ̀ fẹnu kàn án. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n jù ni àbí omi wa ló yàtọ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú ooru o. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ ẹ, ẹja tó ò ń wá ni ò sí níbẹ̀. Ẹja Amẹ́ríkà ni bass, wọ́n ti kó o wá sí àwọn ibì kan ní Áfíríkà, ó dé South Africa ní 1928, ó sì wà ní adágún Naivasha ní Kenya, àmọ́ ní Ẹ̀rò tìrẹ yẹn, ní Ìtapájì, ní Ureje l'Ádó, àrọ̀ àti epìyà lo máa bá pàdé jù. Ọ̀rọ̀ òru tí ẹ̀gbọ́n ẹ sọ ṣá, òótọ́ ni, ìdí tó fi jẹ́ òótọ́ ni kò délẹ̀ síbí bákan náà.

Omi tó bá ti gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Tí omi bá wà ní 20 lórí ìwọ̀n Celsius, á gba bíi mílígírámù 9 nínú lítà kan, tó bá dé 30 á ti já wálẹ̀ sí bíi 7 àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ooru mú yẹn gan-an ni ara ẹja ń béèrè ọ́síjìn jù. Bass á wá lọ sá sí ibú tàbí abẹ́ igi ní ọ̀sán, tílẹ̀ bá ṣú tí etí omi tutù díẹ̀ á jáde wá jẹun. Ó ń fi ojú ṣọdẹ, ó sì tún ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju rọ́bà dúdú lóru, tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu torí èèyàn á rò pé funfun ló yẹ: ẹja wà nísàlẹ̀ ó ń wòkè, ojú ọ̀run lóru ṣì mọ́lẹ̀ ju inú omi lọ, nǹkan dúdú ló máa yọ sí i kedere. Wọ́n á wá máa fà á jẹ́jẹ́, eré kan náà títí, kí bass lè mọ ibi tó máa gbá a mú sí.

Àrọ̀ ò sí nínú ìyẹn. Ojú ẹ̀ kéré, kò sì gbára lé e lóru, irùngbọ̀n 8 tó wà lẹ́nu ẹ̀ ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò, ó ń fi wọ́n gbóòórùn ó ń fi wọ́n tọ́ nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà tí kò rùn, tí kò ní adùn, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó lè ṣèèṣì gbá a lọ́jọ́ kan o, àmọ́ o ò lè torí ìyẹn jókòó sí etí omi kí ẹ̀fọn máa jẹ ẹ́. Ooru gan-an ò dà á láàmú tó bó ṣe ń da bass láàmú, torí nǹkan kan wà nínú orí ẹ̀ tó la ẹ̀ka bí igi kékeré, ìyẹn ló fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, òun náà ni ò jẹ́ kó tètè kú nínú bàsíà àwọn ìyá ẹlẹ́ja l'Ọ́jà Ọba. Òru ni àsìkò oúnjẹ ẹ̀ pátápátá, ooru mú o, kò mú o. Epìyà ní tiẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹun, lóru ṣe ló máa dúró jẹ́ẹ́, tó bá jẹ́ òun lo fẹ́, lọ sùn kó o padà wá láàárọ̀.

Nítorí náà gbé rọ́bà yẹn sápá kan, ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ dáa gan-an, ìyẹn la máa lò. Ìjẹ tó ń rùn lo nílò: ìfun adìyẹ, ẹ̀dọ̀, ekòló tó o fi mẹ́ta mẹ́rin gún papọ̀. Àwọn apẹja kan máa ń gé ọṣẹ ìfọṣọ sójú ìwọ̀, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹja onírùngbọ̀n máa ń gbé e. Èmi fẹ́ràn ìfun adìyẹ tó ti wà níta láti àárọ̀, kò wọ́n, àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà máa ń fẹ́ kí èèyàn bá wọn kó o ni, ìṣòro ẹ̀ ni pé ó máa ń já bọ́ tó o bá jù ú tagbáratagbára, torí náà fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ìwọ̀. Lo òjé tó ní ihò láàárín kí okùn lè máa gba inú ẹ̀ kọjá, tí àrọ̀ bá gbé ìjẹ kò ní mọ̀ pé ẹrù ń fà á. Okùn ọ̀rá tó lè gbé bíi páùn 20 sí 30 kì í pọ̀ jù, torí àrọ̀ máa ń yí ara ẹ̀ gbirigbiri tó bá kọ́ ìwọ̀, á sì sáré wọ inú koríko. So aago kékeré mọ́ orí ọ̀pá, kó o má baà máa tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Má jù ú jìnnà! Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó bá ra ọ̀pá òyìnbó nìyẹn, wọ́n á fi gbogbo agbára jù ú sáàárín dáàmù, bẹ́ẹ̀ lóru etí omi ni àrọ̀ ń bọ̀, ibi tí omi ò ju orúnkún sí àyà lọ, níbi tí koríko wà tàbí tí odò kékeré ti ń ṣàn wọlé. Ìrìn ẹsẹ̀ ẹ gan-an á lé e lọ tó o bá ń rìn gìrìgìrì létí omi, jókòó sẹ́yìn díẹ̀, kó o sì dojú tọ́ọ̀ṣì kọlẹ̀. Aago méje sí mọ́kànlá ló dáa jù lójú tèmi, mi ò sì fẹ́ràn òṣùpá kíkún, òru tó dúdú ni mo fẹ́ fún àrọ̀.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ lẹ́yìn ooru yẹn, àsìkò nìyẹn o, omi á gbé ekòló wọlé, èsúnsún á jáde máa já sómi, àrọ̀ á sì kún etí omi. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ló ń gòkè lọ yé ẹyin, tó o bá mú abo tí ikùn ẹ̀ ti wú bẹ̀ǹbẹ̀, dá a padà, jọ̀ọ́.

Má dá lọ, sọ fún ará ilé ibi tó ò ń lọ, o mọ bí ìlú ṣe rí báyìí. Bá àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù àtàwọn apẹja tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, torí omi mímu ni wọ́n ń fà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ìwọ̀ ẹ fa àwọ̀n òun ya. Wọ bàtà òjò, torí ejò àti torí àtọ̀sí ajá, ọ̀sán ni kòkòrò ẹ̀ máa ń jáde nínú ìgbín omi jù lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kó o fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi lóru. Ohun tó o bá fà jáde, tan iná wò ó kó o tó dì í mú: tó bá jẹ́ òjíjí, gé okùn, má fọwọ́ kàn án, iná ara ẹ̀ lè kọjá 300 volt. Àrọ̀ náà ní ẹ̀gún lápá méjèèjì, ẹ̀yìn ẹ̀gún yẹn ni kó o ti gbá a mú.

Tó o bá wá sùn síbẹ̀ dìdájí, o lè rí i tí epìyà ń yọ ẹnu sókè omi. Ọ́síjìn ló ti lọ sílẹ̀, torí koríko inú omi náà ń mí ní gbogbo òru, kò sì sí oòrùn tó máa fi ṣe òmíràn, tílẹ̀ bá mọ́ á bọ̀ sípò. Àmọ́ tó o bá rí òkú àrọ̀ tó léfòó pẹ̀lú epìyà àti ọ̀pọ̀lọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́síjìn nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da Gamalin, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan fi ń pa ẹja, síbẹ̀. Má ṣà á, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣà á lọ sọ́jà, kó o sì tètè sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù kí wọ́n tó fa omi yẹn sílùú.